Sòbìà Ti Lọ, Ṣé Omi Ti Dé?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ẹ ń retí. Akọ̀wé wa yóò sọ ìyẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi ni tèmi lónìí, omi abúlé, nítorí kò sí ẹni tó jókòó síbí tí kì í fi owó ránṣẹ́ sílé.

Ẹ̀yin àgbà inú wa mọ sòbìà. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n mọ́, òwe nìkan ni wọ́n ń gbọ́: kí sòbìà tó degbò là ń ké sí olúgànbe. Àìsàn tí kò wọ́pọ̀ kì í di òwe. Kòkòrò ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì lè gùn tó mítà kan. A máa gbé inú èèyàn fún bí ọdún kan láìjẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò wú, tí yóò lé, tí yóò bẹ́, tí orí kòkòrò yóò yọ síta. Ara igi kékeré ni wọ́n ń ká a mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá já sínú ara, ewu dé. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tó ń pa á nínú ara, títí di òní.

Ọ̀pọ̀ bàbá wa gbà pé iṣan ara ni, pé àbímọ́ni ni. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Omi tí èèyàn mu lọ́dún tó kọjá, ta ni yóò so ó pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tó ń ro ó lónìí? Ṣùgbọ́n omi náà ni. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ yóò ki ẹsẹ̀ bọ odò kí ara lè tù ú. Kòkòrò yóò tú ọmọ sínú omi. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú omi yóò gbé wọn mì. Ìyá ilé yóò pọn omi náà, gbogbo ilé yóò mu ún. Bí ọdún bá yípo, ó tún kù. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n: ẹ yọ bẹ́líìtì kan kúrò, gbogbo ẹ̀rọ dúró.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, àsìkò iṣẹ́ oko gan-an ló ń yọ. Ní 1987, ìwádìí kan tí UNICEF lọ́wọ́ sí láàárín àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń pàdánù lọ́dún. Ta ni yóò fún àgbẹ̀ ní ìsinmi àìsàn? Ẹgbẹ́ ló jà kí àwa tó ní tiwa. Bí bàbá bá dùbúlẹ̀, ọmọ ni yóò fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ sóko.

Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní 1988, èèyàn tó lé ní 650,000 ló ní i. Ní gbogbo ayé, wọ́n fojú bù ú sí 3.5 mílíọ̀nù ní 1986. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu, kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sódò, kànga, àti àwọn èèyàn abúlé tó ń ṣọ́ odò kí alárùn má bàa wọ̀ ọ́, ìwọ̀nyí ló lé e lọ. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, gbé ọ̀ràn náà kà orí. Ọ̀gágun Yakubu Gowon dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1999, ó sì ń lọ láti abúlé dé abúlé. Oṣù kọkànlá 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí. Ní 2024, èèyàn 15 péré ni wọ́n rí ní gbogbo ayé.

Ó dára, ẹ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ asẹ́ tó dá sòbìà dúró kò lè dá onígbáméjì dúró, kò sì dí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò gba garawa lórí ọmọbìnrin. Ẹ̀yin awakọ̀ ń rí wọn ní ìdájí létí títì, tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì. Ìlú kan wà ní Nàìjíríà, tí èèyàn ibẹ̀ tó 30,000, tí sòbìà ń mú èèyàn tó lé ní 60 nínú 100 níbẹ̀. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú. Kò tó ọdún méjì, kò ku ẹnì kan.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe 1981 títí di 1990 ní ọdún mẹ́wàá omi mímu. Kànga pọ̀ lóòótọ́. Àwọn olóṣèlú ta àtíbàbà, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Ta ni yóò ra wáṣà? Ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ìṣirò 2009 fi hàn pé nínú àwọn ẹ̀rọ omi tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà gúúsù Sàhárà, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa lọ sílé lọ́dún Àjíǹde, ó béèrè ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ìlú dáwó rà. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ẹ má bínú o, ìdí rẹ̀ là ń so ewúrẹ́ mọ́ báyìí." Ó tú u wò. Wáṣà inú rẹ̀ ló jẹ, páìpù kan sì ti dógùn-ún. Kò sí ohun tí mẹkáníìkì wa kan kò lè ṣe níbẹ̀ láàárín àárọ̀ kan, bí ó bá ní okùn àti èèyàn mẹ́rin tí yóò bá a fa páìpù sókè.

Nítorí náà ni mo ṣe ń tako àwọn tó ní kí ẹ̀ka tún dáwó gbẹ́ kànga tuntun. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún èyí tó kú ṣe. Kí a sì kọ́ obìnrin méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń pààrọ̀ wáṣà, nítorí àwọn ló ń tẹ ẹ̀rọ lójoojúmọ́, àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ bí ó bá ń dún lódì. Kí owó ìtúnṣe wà lọ́wọ́ wọn, kí ó má wà lọ́wọ́ baálẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí yóò dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Mo ti ṣe tán láti dáhùn.

Ìwé wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ páìpù tàbí wẹ́dà, kí ó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ abúlé rẹ̀, àti irú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé.