Òfin Ilé fún Èbúté Ọkọ̀ Ogun: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Nídìí Eré Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń bójú tó àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé, bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé wa)

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sí ìpàdé yìí tààrà, nítorí náà n kò ní í pẹ́.

Akọ̀wé wa ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí àwọn ọmọ yín ń ṣe ní yàrá ẹ̀yìn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn òbí kan ti bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, a ní kí ẹ kọ́ wọn ní èdè, ẹ wá ń kọ́ wọn ní ogun jíjà?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ lónìí, kí n sì jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí mo ṣe.

Eré náà ni wọ́n ń pè ní Axis & Allies. Larry Harris ni ẹni tó gbé e kalẹ̀, ilé iṣẹ́ Milton Bradley sì tẹ irú èyí tí a ní jáde ní ọdún 1984. Ẹnì kan ló fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Àwòrán gbogbo ayé ló wà lójú pátákó rẹ̀. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ń jà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe jà nígbà ogun Hitler: Rọ́ṣíà, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Japan àti Amẹ́ríkà. Olúkúlùkù ní owó tirẹ̀. Ṣọ́jà kan jẹ́ 3, ọkọ̀ ogun ńlá jẹ́ 24, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà jẹ́ 15. Bí wọ́n bá pàdé, dáìsì ni wọ́n máa ń jù láti mọ ẹni tó borí. Ẹni tí kò bá lè ṣírò kò lè ta á.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin inú àpótí náà kò sọ nǹkan kan nípa èbúté. Orí òkun ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ ni ọkọ̀ tuntun ti ń jáde, ó parí. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan ń ṣe Japan, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá sì ń ṣe Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin náà ti fara balẹ̀ kó ọkọ̀ rẹ̀ jọ fún bí wákàtí kan. Bó ṣe fẹ́ kọlu ọkọ̀ Amẹ́ríkà báyìí ni ọmọbìnrin yìí pariwo pé, "Wọ́n wà ní èbúté! O kò lè fọwọ́ kàn wọ́n!" Ó fẹ́ sunkún. Èmi ń da tíì lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ wo pátákó tí mo fi sọ pé, "Ó dáa, jẹ́ kí wọ́n wà ní èbúté. Àbúrò rẹ ni."

Ọmọkùnrin náà kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó rọra gbé dáìsì sílẹ̀, ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Fún Sátidé mẹ́ta a kò rí i. Ìyá rẹ̀ ló pè mí: "Àǹtí, ẹ má bínú o, ọmọ yìí ní òun kò wá mọ́. Ó ní ẹ ń ṣe ojúsàájú."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí dókítà bá fẹ́ yí oògùn aláìsàn padà, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ déètì, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Mo ti mọ èyí láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ mo fi ẹnu lásán yí òfin padà láàárín eré, nítorí kí ọmọ kan má baà sunkún.

Mo lọ sí ilé wọn láti bẹ ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ní, "Ah, Àǹtí! Ẹ̀yin ẹ bẹ ọmọdé kẹ̀?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́, sà. Èmi ni mo jẹ̀bi." Ohun tí ọmọ náà sọ kò tíì kúrò létí mi. Ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe pé mo pàdánù ló dùn mí. Mi ò mọ òfin wo la ń tẹ̀ lé mọ́ ni."

Ó padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. A kò ta eré lọ́jọ́ náà. A mú bébà ńlá kan, mo sì ní kí gbogbo wọn jọ ṣe òfin èbúté tiwa. Ṣùgbọ́n mo ní ẹni tó bá dá òfin lábàá gbọ́dọ̀ sọ ohun tí èbúté gidi máa ń ṣe tí òfin rẹ̀ fi bá a mu. Wọ́n lọ ka ìwé, wọ́n sì padà wá.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: kí ẹnikẹ́ni má lè kọlu ọkọ̀ tó bá wà ní èbúté. A dán an wò. Kí ni a rí? Gbogbo wọn kó ọkọ̀ wọn sí èbúté, wọ́n jókòó tì í. Fún wákàtí méjì ẹnikẹ́ni kò jáde. Òun tó dá òfin náà lábàá gan-an ló sọ pé, "Eré yìí ti sú mi." A fa igi lé òfin náà.

Ìwé ìtàn pàápàá kò tì í lẹ́yìn. Ní October 14, 1939, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan wọ Scapa Flow ní Scotland, ó ri ọkọ̀ ogun Royal Oak nínú èbúté, àwọn tó kú sì ju 800 lọ. Ní November 1940, bàálù 21 péré láti inú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ba ọkọ̀ ogun ńlá mẹ́ta jẹ́ ní Taranto ní Ítálì. Ní December 7, 1941, Japan kọlu Pearl Harbor. Ọkọ̀ ogun ńlá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́rin rì. Èbúté kì í fi ọkọ̀ pamọ́. Kí ló wá wúlò fún?

Ọmọkùnrin wa ló rí ìdáhùn. Ó ní nínú ọkọ̀ mẹ́jọ yẹn, mẹ́fà ló padà sójú ogun, nítorí pé àwọn Japan kò fọwọ́ kan àgbá epo àti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó tún mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Yorktown wá, èyí tí ń gbé bàálù. Wọ́n bà á jẹ́ ní May 1942. Ó wọ Pearl Harbor ní May 27, wọ́n tún un ṣe tọ̀sán-tòru, ó jáde ní May 30, ó sì bá wọn jà ní Midway ní ìbẹ̀rẹ̀ June. Ó ní, "Ibi àtúnṣe ni èbúté." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un.

Látàrí èyí ni a fi kọ òfin wọ̀nyí, tí wọ́n wà lára ògiri títí di òní:

Èkíní, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù yóò fi bọ́tìnnì pupa kan sàmì sí èbúté rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn yóò san 15, kò sì ní í lò ó títí yóò fi tún kàn án.

Èkejì, ọkọ̀ tó bá gbéra láti èbúté yóò rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta dípò méjì, nítorí pé ó ti gba epo àti oúnjẹ tó pọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ìbọn bá ba ọkọ̀ ogun ńlá lẹ́ẹ̀kan, kò ní í rì bí ó ti wà nínú ìwé òfin ti 1984. Yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá padà sí èbúté fún àtúnṣe, bí wọ́n bá tún bà á, ó rì nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó bá fi ọkọ̀ kọlu èbúté yóò kọ́kọ́ fara da ìbọn etíkun. Onílé yóò ju dáìsì kan. Bí ó bá jẹ́ 1, ọkọ̀ kan nínú ti àlejò ti lọ.

Ẹ̀karùn-ún, bàálù ajubọ́ǹbù lè ba èbúté fúnra rẹ̀ jẹ́. Bí àmì ìbàjẹ́ bá ti pé mẹ́ta, èbúté náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí onílé yóò fi san owó 1 lórí àmì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Saint-Nazaire ní March 28, 1942 ni èyí. Wọ́n fi ọkọ̀ Campbeltown, tí wọ́n kó bọ́ǹbù sínú rẹ̀, kọlu ibi àtúnṣe ọkọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ló lè gba ọkọ̀ Tirpitz ti Jámánì ní gbogbo etíkun yẹn.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn tó ni eré náà ti fi èbúté ọkọ̀ ogun sínú Axis & Allies Pacific 1940, tí ó jáde ní 2009. Iye rẹ̀ jẹ́ 15, ó ń fi ìṣísẹ̀ kan kún ìrìn ọkọ̀, ó sì ń ṣe àtúnṣe. Àwọn ọmọ yín ti fi ọgbọ́n ara wọn dé ìtòsí ibi tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà dé.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan wo pátákó, ó ní, "Àwa ńkọ́? Níbo la wà?" Bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa tó wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó sọ fún wọn nípa èbúté Freetown, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ti ń kóra jọ kí wọ́n tó jọ gbéra lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ọkọ̀ abẹ́ omi má baà pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ pé ní 1943 ni àwọn ọmọ ogun Division 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, gba orí òkun lọ sí India, tí wọ́n sì jà ní Burma. Bàbá tó bí i lọ́mọ wà nínú àwọn tó jà ní Burma. Yàrá náà dákẹ́. Lọ́jọ́ náà wọ́n fi òfin kẹfà kún un: bọ́tìnnì pupa kan gbọ́dọ̀ wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò pọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibi tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí. Àwọn ọmọ wa ń rí òfin ilé ìwé, wọ́n ń rí òfin ìlú òyìnbó, wọ́n sì ń bá òfin tiwa nílé. Bí tiwa bá ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ara wa ṣe rí lọ́jọ́ náà, wọn kò ní í mọ èyí tí wọn yóò tẹ̀ lé. Ẹ sọ òfin kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá yẹ kí a yí i padà, ẹ jẹ́ kó di òpin eré, kí ẹ sì jọ jókòó sí i. Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù jẹun, kí tiwa náà kúrò lórí tábìlì. Bí àgbà bá sì jẹ̀bi, kí ó bẹ̀bẹ̀. Kò dín wa kù. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ ọmọkùnrin yẹn ló ti ń bá mi to àga kí n tó dé.

A ń wá àwọn bàbá méjì tí yóò máa jókòó tì wọ́n ní Sátidé. Bí ẹ kò bá mọ eré náà, àwọn ọmọ yín yóò kọ́ yín, ní Yorùbá. Ẹ kàn ṣáà ka ohun tó wà lára ògiri kí ẹ tó jókòó.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ náà. Àmín.