Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìbámu Anpilifáyà àti Sípíkà nínú Ilé

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni bí a ṣe lè mọ sípíkà tí ó bá anpilifáyà mu nínú yàrá tí a ti ń wo fíìmù nílé. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà ni èyí, pé kò kan yunifásítì. Èrò tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń wí, àti owó rẹ̀ àti etí rẹ̀ ni ó wà nínú ewu.

Óòmù

Ní ọdún 1827 ni Georg Ohm, onímọ̀ ará Jámánì, tẹ òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè jáde. Òfin náà fi hàn pé bí fóòtì kò bá yí padà, bí ìdènà bá ṣe ń dín kù ni iná tí ń ṣàn yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, sípíkà óòmù 4 yóò fa ìlọ́po méjì iná tí sípíkà óòmù 8 ń fà. Bí a bá sì so sípíkà óòmù 8 méjì mọ́ ojú kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba iná tirẹ̀ tààrà, óòmù 4 ni anpilifáyà yóò kà wọ́n sí. Bí óòmù 4 ni àwọn méjèèjì, wọ́n di óòmù 2. Anpilifáyà tí a kò ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yóò gbóná. Bí kò bá pa ara rẹ̀, tiransísítọ̀ inú rẹ̀ lè jó.

Wáàtì àti dẹ́síbẹ̀lì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé anpilifáyà wáàtì 100 ń dún ní ìlọ́po méjì ti wáàtì 50. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ni ìlọ́po méjì wáàtì ń fi kún ohùn. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, a nílò nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 10, èyí tí í ṣe ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì.

Ẹ jẹ́ kí a wo sípíkà méjì. A fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáàtì 1, a sì wọn ohùn rẹ̀ láti mítà kan. Èkíní mú dẹ́síbẹ̀lì 90 wá, èkejì mú 87. Níbi tí wáàtì 50 ti tó fún èkíní, wáàtì 100 ni èkejì yóò bèèrè. Ẹni tí ó yan sípíkà dáradára ti dín owó anpilifáyà kù.

Anpilifáyà tí ó kéré jù

A máa ń gbọ́ pé anpilifáyà ńlá ni ó ń ba sípíkà jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré náà ń bà á jẹ́. Bí a bá fi ipá mú un kọjá agbára rẹ̀, yóò gé orí àti ìdí ìgbì ohùn. Ohùn a há, agbára tí ń jáde a sì ju èyí tí a kọ sí i lára lọ. Sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn òkè ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jó.

Àgbálọgbábọ̀

Òfin dẹ́síbẹ̀lì 3 yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ìlera fi ń ṣọ́ etí: wákàtí 8 fún dẹ́síbẹ̀lì 85, wákàtí 4 fún 88, wákàtí 2 fún 91. Sípíkà tí ó jó ṣeé pààrọ̀. Irun tíntìntín tí ń gba ohùn nínú etí ènìyàn kì í hù padà bí ó bá ti kú. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a kọ́kọ́ ka óòmù, kí a ka dẹ́síbẹ̀lì, kí a tó ka wáàtì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.