Mödlareuth: Abúlé Tí Odò Là Sí Méjì

Abúlé Mödlareuth wà lórílẹ̀-èdè Jámánì, ní àríwá ìlú Hof, níbi tí ìpínlẹ̀ Bavaria àti Thuringia ti pààlà. Ilẹ̀ olókè ni, pápá oko àti igbó ló yí i ká, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 50 lọ. Odò Tannbach ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Odò yìí kéré débi pé géńdé lè fò ó, síbẹ̀ òun ni gbogbo ìtàn abúlé náà rọ̀ mọ́.

Ó ti pẹ́ tí Tannbach ti jẹ́ ààlà. Ní 1810, wọ́n ri òkúta mọ́lẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀: KB ni wọ́n gbẹ́ sí ojú kan, fún ìjọba ọba Bavaria, FR wà lójú kejì, fún ilẹ̀ ọmọ ọba Reuss, ní ìhà Thuringia. Ìyẹn kò dí ará abúlé lọ́wọ́. Ilé ìwé kan náà àti ilé ọtí kan náà ni wọ́n ń lò, ní ìhà Thuringia. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá sì dé, wọ́n á gba ìhà Bavaria lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Töpen.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Thuringia bọ́ sọ́wọ́ Soviet Union, Bavaria sì bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Nígbà tí Jámánì pín sí méjì ní 1949, odò náà di ààlà orílẹ̀-èdè. Ní 1952, ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì, tó ni ìhà Thuringia, ti ààlà pa. Wọ́n ro ilẹ̀ fífẹ̀ mítà 10 gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ipa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lè hàn, wọ́n fi pákó ṣọgbà, wọ́n sì fipá kó àwọn tí wọn kò fọkàn tán kúrò nílé wọn. Ní 1966, ògiri kọnkéré tó gùn tó mítà 700, tó ga ju mítà 3 lọ, rọ́pò ọgbà náà. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wá sọ abúlé náà ní Berlin Kékeré, torí ògiri tó là á bíi ti Berlin.

Nínú gbogbo òfin ibẹ̀, ọ̀kan burú jọjọ: ará Ìlà-Oòrùn kò gbọdọ̀ juwọ́ sí ẹni tó wà lódìkejì. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń juwọ́ láti ìhà Bavaria, àbúrò rẹ̀ ní láti ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1989, oṣù kan gééré lẹ́yìn tí ògiri Berlin ṣí, wọ́n ṣí ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ ní Mödlareuth. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1990, katapílà wó ògiri náà. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀, bíi mítà 100, òun ló wà nínú musíọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀.

Inú ìpínlẹ̀ méjì ni abúlé náà ṣì wà. Abẹ́ ìlú Gefell ni ìhà Thuringia, abẹ́ Töpen ni ìhà Bavaria. Olórí ìlú, kóòdù lẹ́tà àti kóòdù tẹlifóònù wọn yàtọ̀ síra. Ìkíni wọn pàápàá kò bára mu: “Grüß Gott” ni ará Bavaria fi ń kíni, “Guten Tag” ni ti ará Thuringia.