Àwọn Tó Kú Kí Wọ́n Tó Dé Ojú Ogun



Bí a bá ń ka òkú ogun, ojú ìjà ni ọkàn wa máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ogun pa àwọn kan tí wọn kò fojú kan ọ̀tá rí: àwọn ọ̀dọ́ tó kú níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú. Tiwọn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1939, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ọsirélíà àti New Zealand tọwọ́ bọ̀wé pé Kánádà ni wọn yóò ti máa kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò, bọ́ǹbù Jámánì kò sì lè dé ibẹ̀. Nígbà tí ètò náà fi parí lọ́dún 1945, àwọn 131,553 ti gboyè jáde. Àwọn 856 ló kú lẹ́nu rẹ̀.

Kí ló ń pa wọ́n? Kùrukùru, òkùnkùn, àárẹ̀, fífò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ òmíràn wò. Bí eré ọkọ̀ bá dín jù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé ìyẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìyẹ́ kan á kọ́kọ́ rọ, ọkọ̀ á sì máa yí bí òkòtó bọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rù á ní kí ọ̀dọ́ tó ń wà á fa ọ̀pá ìdarí mọ́ àyà, bẹ́ẹ̀ fífà yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ bọ́ nínú yíyí náà. Ṣe ni kó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdarí ìrù sí òdìkejì ibi tí ọkọ̀ ń yí sí, kó sì ti ọ̀pá síwájú, kí imú ọkọ̀ kọjú sí ilẹ̀ tó ń bẹ̀rù.

Ta ló lè ṣe èyí bí wọn kò bá fi hàn án rí? Ní ìlú Gosport nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, olùkọ́ awakọ̀ òfurufú kan, Robert Smith-Barry, kọ̀ láti máa kìlọ̀ lásán. Ó ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ewu, kí ó kọ́ bí a ti ń yọ. Bí wọ́n ti ń fò lọ́wọ́, rọ́bà gígùn kan ló ń gbé ohùn olùkọ́ dé etí rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1942, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé ipò náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1945, ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ló pa á, kì í ṣe ìbọn ọ̀tá. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí.

Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń ka òkú ogun, ẹ má fo irú wọn. Ẹni tó bá sì ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ eléwu, kó fi ewu náà hàn án nígbà tí òun alára ṣì jókòó tì í.