Bí Kọ̀ǹpútà Bá Jí Tán Tí Ó Tún Dákú

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tan kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ láti parí iṣẹ́ lórí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹta. Fáànù inú rẹ̀ dún, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo àmì tò sí ojú rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Ọfà ojú rẹ̀ kò rìn mọ́, kíbọ́ọ̀dù kò fèsì, aago tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ kò kúrò lójú kan. Olùkọ́ pa á, ó tún tàn án. Ó jí, ó tún dákú. Kí ó tó di ìgbà kẹrin, ẹnì kan ti mú ìmọ̀ràn tí kò wọ́n láàrin ìlú wá: "Fáírọ́ọ̀sì ni, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n to ètò tuntun sí i."

Kì í ṣe olùkọ́ kan ṣoṣo ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, àwọn tí ó sì gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n wá fi ìka àbámọ̀ bọnu kò kéré. Inú kọ̀ǹpútà náà ni máàkì ọdún mẹ́ta wà. Bí wọ́n bá pa inú rẹ̀ rẹ́, máàkì ti lọ nìyẹn. Bí ó bá sì ṣe pé ara ẹ̀rọ ni àìsàn wà, tí kò sí nínú ètò tí ń darí rẹ̀, yóò tún dákú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. À ń fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ohun àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tú ìdè kan, ni láti kó ohun tí ó ṣòro láti rí padà jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀rọ fi wà láàyè lè tó láti da fáìlì máàkì sórí fúláàṣì, nítorí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í tóbi. Bí kò bá tó, ó ṣeé ṣe láti yọ háàdì dísìkì, tí í ṣe àká gbogbo ohun tí a ti kọ, kí a fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí àká yìí bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, kí a má tún tàn án mọ́. Títàn kọ̀ọ̀kan lè ba ohun tí ó kù jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí kàn. Kọ̀ǹpútà ní ara, ó sì ní ètò tí ń darí ara náà. Iṣẹ́ aṣèwádìí ni láti mọ èyí tí ó jẹ̀bi. Ọ̀nà kan wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kí Windows tó jí rárá, ojú-ewé kan wà tí à ń pè ní BIOS, tí ó ń gbé orí mọ́dàbọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Bí a bá ń tẹ Delete tàbí F2 (ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣẹ̀rọ kan sí èkejì) ní kété tí a tan ẹ̀rọ, ojú-ewé yìí yóò ṣí. Kí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí. Bí ó bá dákú níbẹ̀, ọwọ́ Windows mọ́: ara ni àìsàn wà. Bí kò bá dákú, kí a má tíì dá ara láre pátápátá, nítorí BIOS kì í fi iṣẹ́ púpọ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kí a wá jí Windows ní ipò tí wọ́n ń pè ní Safe Mode, níbi tí ó ti ń lo kìkì àwọn ètò tí kò lè ṣe aláìní. Bí wákàtí kan bá kọjá níbẹ̀ láìsí wàhálà, ẹ̀sùn bọ́ sí ọrùn àwọn ètò tí ń dìde fúnra wọn nígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Ètò apa-fáírọ́ọ̀sì méjì nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo a máa fa irú èyí: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì bí olè, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ lọ.

Bí ó bá jẹ́ ara ni, ooru àti eruku ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yà kékeré tí í ṣe ọkàn kọ̀ǹpútà, tí ń ṣe ìṣirò, a máa gbóná gan-an. Irin kan tí ó ní ìhà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní í máa fa ooru náà kúrò, tí fáànù sì ń fẹ́ ẹ dànù. Nígbà ọyẹ́, eruku tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá a bọ́ sáàárín ìhà wọ̀nyí, a sì dì bí òwú. Fáànù ń yí, atẹ́gùn kò kọjá. Àmì rẹ̀ kò fara pamọ́ fún ẹni tí ó bá ń wo aago: bí ẹ̀rọ bá sinmi mọ́jú, ó lè lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí a bá tún un tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè má lò ju méjì lọ. Ọ̀pọ̀ BIOS ní ibi tí ó ń kọ ìwọ̀n ooru ọkàn yìí sí. Bí ó bá ń sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣe iṣẹ́ kankan, kí ni a tún ń wá kiri? Kí a yọ okùn iná, kí a gbé ẹ̀rọ síta, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, kí a sì di abẹ fáànù mú kí ó má baà sáré àsápajúdé bí a bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìpara tí ó wà láàrin ọkàn àti irin náà a máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan tó láti fi rọ́pò rẹ̀. Àpótí tí ń pín iná ni kí ẹnikẹ́ni má ṣí: iná a máa kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn, ó sì lè pa ènìyàn.

Ìrántí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní RAM, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì, kí a lò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a wo èyí tí ẹ̀rọ ń dákú lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, kí a yọ ọ́ kí a sì tì í padà dáadáa ti tó.

Àrùn kan kù tí àwọn tí ó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti rí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àìmọye mọ́dàbọ́ọ̀dù ni ó jáde pẹ̀lú kapásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára. Kapásítọ̀ dà bí agolo kékeré, ó sì yẹ kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn wọ̀nyí wú, òmíràn ń jò, kọ̀ǹpútà wọn sì ń dákú. Ní àkókò yẹn kan náà ni ẹ̀rọ àlòkù ń ya wọ èbúté Èkó. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network tẹ ìròyìn jáde nípa òwò yìí ní Èkó. Wọ́n fojú dá a pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ni ó ń wọlé lóṣù, àti pé ohun tí kò ṣeé tà tí kò sì ṣeé túnṣe nínú wọn lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Wọ́n tún rí háàdì dísìkì tí àṣírí àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ín ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ará òkè òkun kò rántí pa rẹ́ kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ wọn, òun ni wọ́n ń gba olùkọ́ yìí níyànjú láti pa rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan!

Bí kapásítọ̀ bá ti wú, ètò tuntun kò lè wò ó sàn. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi òjé jó nǹkan pọ̀ lè yọ wọ́n, kí ó fi tuntun rọ́pò wọn. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a gbé háàdì dísìkì náà sínú èkejì, kí olùkọ́ sì padà sídìí máàkì rẹ̀.