Ẹ̀WÀ TÍ KÒ NÍ MÁJÈLÉ NÍNÚ
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn tó ń ta oúnjẹ sọ níbi ìpàdé oṣù

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ìwádìí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń ṣe fún ìlú. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan: ẹ̀wà tí à ń tà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi àfojúsùn 17 lélẹ̀, tí wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ kó tó di ìparí ọdún 2030. Ìkejì ni pé kí ebi tán nílẹ̀, ìkẹta jẹ́ ti ìlera, ìkejìlá sì mẹ́nu ba dídín òfò oúnjẹ kù. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan nìyẹn o. Ọwọ́ wa ni oúnjẹ ń gbà kó tó dénú ìkòkò.

Ẹ wò ó. Nígbà ìkórè, ẹ̀wà á ya wọlé láti Òkè Ọya, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Tó bá di ìgbà òjò, á gbówó lórí. Ẹni tó bá lè tọ́jú tirẹ̀ di ìgbà yẹn ló ń jèrè. Ṣùgbọ́n kòkòrò ò gbà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: láti oko ló ti ń bá ẹ̀wà bọ̀. Á yé ẹyin sára ẹ̀wà, ọmọ á wọnú rẹ̀ lọ, láàárín bí oṣù kan á ti dàgbà, á lu ihò jáde, òun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Bó ṣe ń di oṣù mélòó kan, ẹ̀wà ti di ihò, ìyẹ̀fun ló kù nídìí àpò.

Ìbẹ̀rù òfò yìí ló ń mú kí àwọn kan da òtapiapia tàbí dichlorvos sí ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: májèlé ni. Ó lè fa èébì àti inú rírun, ó lè má jẹ́ kéèyàn mí dáadáa, ó sì lè pààyàn. Ẹni tó ń dà á gan-an ló kọ́kọ́ ń fà á símú. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fi fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ní 2019, NAFDAC náà fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré.

Ẹ ó ní, kí wá ni ká ṣe sí kòkòrò? Ibi tí ìwádìí ti wúlò nìyí. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ ní Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àpò tí a wá mọ̀ sí PICS. Láti 2007 ni wọ́n ti ń pín ìmọ̀ rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rá líle méjì ló wà nínú, irú àpò tí a fi ń di ìrẹsì ló wà níta. Atẹ́gùn ò ráyè wọlé. Kòkòrò á mí èyí tó wà nínú tán, kò ní lè jẹun mọ́, òùngbẹ á gbẹ ẹ́ pa. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí:
1. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, kó má rọ̀ lábẹ́ eyín.
2. Ẹ yẹ ọ̀rá wò, kó má lu.
3. Ẹ kì í dáadáa, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde, ẹ lọ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, ẹ so ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà ẹ so tìta.
4. Ẹ gbé e sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, ẹ sì ṣọ́ eku.
5. Ẹ má tú u fún oṣù kan, ó kéré tán. Àpò kan ni kẹ́ ẹ máa tú lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tà á tán kẹ́ ẹ tó tú òmíràn.

Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá rẹ̀ ò bá lu, ẹ ó tún lò ó. A lè dáwó jọ ká rà á pọ̀. Iléeṣẹ́ NSPRI, tó ń ṣèwádìí lórí ìtọ́jú oúnjẹ, wà ní Ìlọrin. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ sí i lè lọ bá wọn.

Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ tó ń jẹ àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, kò mọ ohun tó wà nínú kóńgò tí ìyá rẹ̀ rà. Àwa la mọ̀ ọ́n. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ẹ̀wà ọjà wa, ẹ̀wà tó mọ́ ni.