Òwò Wà, Ọ̀nà Ilé Kò Sí

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìrìnnà la mú wá lónìí. Ta ló ń sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ wọ ìlú rẹ̀?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọba Èkó kan: ní òpin 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó. Wọ́n lé ọba náà, Kòsọ́kọ́, kúrò. Ó forí lé Ẹ̀pẹ́. Ẹ gbọ́ o: omi ọ̀sà kan náà ló so Ẹ̀pẹ́ mọ́ Èkó, síbẹ̀ ọba kò lè wọkọ̀ padà sílé.

Ní 1854, ó bá kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ó gbà pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́. Wọ́n fi èbúté Pálmà sílẹ̀ fún un láti máa ṣòwò. Mo tún un sọ: ó lè ṣòwò, kò lè padà sílé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an.

Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá ní 1861. Ní 1862 ni wọ́n tó jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ wọlé, kì í ṣe bí ọba mọ́. Òṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, náà padà. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni à ń pe ibi tí Òṣòdì àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí l'Ékòó.